Ẹ Bá Ìyá Tíṣà Rìn Yí Ilé Ká

Nọ́ọ̀sì ti sọ òfin kan kí a tó gbéra: Màmá ni yóò ṣíwájú. Ibi tí wọ́n bá ti dúró, kí gbogbo wa dúró. Ohun tí wọ́n bá nawọ́ dì mú, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sáré fà wọ́n lọ́wọ́ àfi tí wọ́n bá pè é.

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn, irú àwọn ilé tí owó kòkó kọ́ láyé ìjọ́un. Màmá tó ni ín ti lé ní àádọ́rin ọdún. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Ìyá Tíṣà. Rọpárọsẹ̀ mú apá òsì wọn. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, wọ́n ti ń rìn padà, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ẹsẹ̀ òsì a sì máa wọ́lẹ̀ díẹ̀. Àkọ́bí wọn ọkùnrin wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bíríkìlà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tepù ìwọ̀n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí mo ń wí yìí, iṣẹ́ tó yàn láàyò ni pé kó máa wọ ilé àwọn àgbàlagbà, kó máa wá ohun tó lè gbé wọn ṣubú kí wọ́n tó ṣubú.

Iṣẹ́ ńlá ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún kárí ayé, àwọn tó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ ló sì ń kú jù nínú wọn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ Cochrane kó ìwádìí púpọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé bí a bá mú àwọn ohun tó ń gbé ènìyàn ṣubú kúrò nínú ilé, ìṣubú àwọn àgbà máa ń dín kù ní ìdá 26 nínú 100. Fún àwọn tó ti ṣubú rí, tàbí tí wọ́n nílò olùrànlọ́wọ́, ó tó ìdá 38. Mi ò tí ì rí oògùn olówó pọ́ọ́kú tó ṣe jù báyìí lọ fún àwọn òbí wa.

Láti ojú gọ́tà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀

A ò tí ì wọ géètì tí Màmá ti dúró. Gọ́tà ló wà níwájú wọn, pákó méjì ni wọ́n gbé dábùú rẹ̀. Àwa yòókù ti kọjá láìfura. Màmá fi ọ̀pá tẹ pákó àkọ́kọ́ wò, ó mì. Wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n di irin géètì mú kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

"Màmá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́?" ọmọ wọn bèèrè.

"Kí ni kí n ṣe, ọmọ mi? Ṣé kí n má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ni?"

Bíríkìlà na tepù. Ó ní òun máa da kọnkéré onírin sórí gọ́tà náà, tí fífẹ̀ rẹ̀ yóò tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè kọjá, kí kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn náà sì lè gbà á. Ó máa dà á ní abala méjì, kí wọ́n lè máa ṣí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó gọ́tà. Ìwọ̀nba síméńtì, iyanrìn, òkúta àti irin díẹ̀ ni yóò gbà.

Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló kàn, tó gòkè lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú lásán kò rí àléébù rẹ̀, tepù ló fi í hàn: àkọ́kọ́ ga ní íǹṣì 6, èkejì íǹṣì 8, ẹ̀kẹta íǹṣì 7. Nọ́ọ̀sì ní ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí ẹsẹ̀ bá ti gun àtẹ̀gùn kan, ó ti mọ bí yóò ṣe gbé ara rẹ̀ ga tó fún èyí tó kàn. Bí èyí tó kàn bá wá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìka ẹsẹ̀ á kọ́ ọ.

Ọmọ wọn ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó àtẹ̀gùn náà, kí wọ́n da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀, bí ó ṣe rí i ní báńkì. Bíríkìlà ṣírò rẹ̀ fún un. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé íǹṣì 1 ní gíga gbọ́dọ̀ ní íǹṣì 12 ní gígùn. Íǹṣì 21 ni àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ga. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bá tọ́ yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 21, iwájú ilé kò sì fẹ̀ tó ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi tipátipá ṣe é kúkúrú, á dúró ṣánṣán jù. Ọ̀pá á máa yọ̀ lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó sínú kẹ̀kẹ́ lè ṣubú sẹ́yìn. Ilé tó bá jẹ́ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní, tí kò ga ju íǹṣì 6 lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ti tó o. Ní ti ilé yìí, ohun tó kàn ni kí wọ́n tún àtẹ̀gùn ṣe. Íǹṣì 21 yẹn, wọ́n máa pín in sí mẹ́rin ọgbọọgba, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ga ju íǹṣì 5 àti díẹ̀ lọ. Àyè tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ máa fẹ̀ tó íǹṣì 12. Wọn kò ní fi ọwọ́ dán síméńtì rẹ̀. Kó tó gbẹ ni wọ́n máa fi ìgbálẹ̀ fà á kó lè ní ojú tó ń di ẹsẹ̀ mú. Wọ́n máa wá fi ọ̀dà yẹ́lò kun etí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú tó ti ń ṣe bàìbàì lè rí ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìdìmú ló kàn. Ọmọ wọn ní ẹyọ kan ti tó, lápá ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì ní kí Màmá gòkè, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gòkè, ọwọ́ ọ̀tún tó lágbára wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yẹn kan náà ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tí apá rẹ̀ kan kò bá lágbára nílò ìdìmú ní ọ̀tún àti ní òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbà tó bá ń gòkè nìkan la ràn án lọ́wọ́. Páìpù irin tí wọ́n fi ń fa omi ni wẹ́dà máa lò, èyí tí ọwọ́ lè dì yíká, kó ga tó íǹṣì 36 láti ojú àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì tún kọ́ wọn ní ohun kan tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀: ẹsẹ̀ tó dá ni kó kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ọ̀pá sì máa wà lọ́wọ́ tó wà ní òdìkejì ẹsẹ̀ tí kò lágbára.

Pálọ̀ tó ń dán

A wọ pálọ̀. Táìsì funfun ló wà nílẹ̀, ó ń dán, ó mọ́ tónítóní. Ọmọ wọn ló fi dá wọn lọ́lá, Màmá sì fi ìdùnnú sọ fún mi bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣe yìn ín. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìrìn wọn ti yí padà. Lórí ilẹ̀ yẹn, wọ́n kò gbé ẹsẹ̀ sókè mọ́, ńṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ. Ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára ọ̀pá, ó bọ́ sórí ẹ̀yìn àga, láti orí àga ó bọ́ sára ògiri. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti di nǹkan mú nínú pálọ̀ pọ̀ ju ti gbogbo ibi tó kù nínú ilé lọ.

Nọ́ọ̀sì kò bá ọmọ náà wí. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ṣe ilé ìyá yín lẹ́wà. Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é kó di ẹsẹ̀ wọn mú." Wọn kò ní hú táìsì kankan. Rọ́ọ̀gì kékeré mẹ́ta tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àti níwájú àga, tí ń yọ̀ lórí táìsì, jáde lọ́jọ́ náà. Wáyà tẹlifísọ̀n tó dábùú ilẹ̀, wọ́n fà á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n sì kàn án mọ́ ọn. Tábìlì onígíláàsì tó wà láàárín kúrò, kí ọ̀nà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 lè wà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé yàrá. Wọ́n máa ra téèpù lílẹ̀mọ́lẹ̀, irú èyí tí ojú rẹ̀ ń ha ọwọ́, tí àwọn tó ń ta irinṣẹ́ máa ń ní, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ sójú ọ̀nà tí Màmá ń gbà. Sílípáàsì wọn tó ti jẹ lábẹ́, tí kò ní okùn lẹ́yìn, wọ́n máa fi bàtà onírọ́bà tó di gìgísẹ̀ mú rọ́pò rẹ̀. Rọ́bà ẹnu ọ̀pá náà ti jẹ tán, irin ló ń kan ilẹ̀. Wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, rọ́bà yìí ló kéré jù, ara rẹ̀ ni gbogbo ìrìn Màmá sì gbé lé.

Kí a tó kúrò, Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jókòó sórí àga tìmùtìmù, kí wọ́n sì dìde. Wọ́n gbìyànjú, wọ́n padà sílẹ̀, wọ́n tún gbìyànjú. Àga náà ti jìn jù. Wọ́n gbé àga onígi alápá méjì láti yàrá ìjẹun wá. Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún ti apá rẹ̀, wọ́n sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ àga ti parí nìyẹn.

Yàrá àti ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́

Lẹ́yìn pálọ̀, kọ́rídọ̀ kan ló lọ sí yàrá àti ilé ìyàgbẹ́. Ọ̀sán gangan ni a débẹ̀, síbẹ̀ ó ṣókùnkùn. Gílóòbù rẹ̀ ti jó, ibi tí wọ́n ti ń tan iná sì wà ní òpin kejì, èyí tó túmọ̀ sí pé Màmá gbọ́dọ̀ rin òkùnkùn já kí wọ́n tó rí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n máa fi gílóòbù tuntun síbẹ̀ kíákíá. Nítorí iná mànàmáná tí kì í dúró, wọ́n máa fi àtùpà ṣóólà kékeré méjì kún un, irú èyí tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ti kọjá níwájú rẹ̀. Wọ́n á kan ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ọ̀kan sí ẹnu ilé ìyàgbẹ́.

Ibùsùn ti lọ sílẹ̀ jù. Bí Màmá bá jókòó sétí rẹ̀, orúnkún wọn ga ju ìbàdí lọ. Bíríkìlà máa da kọnkéré kékeré mẹ́rin, tó ní ihò láàárín tí ẹsẹ̀ ibùsùn yóò wọ̀ sí, kó má baà yọ̀ kúrò. Ìwọ̀n tó dára ni kí àtẹ́lẹsẹ̀ fara kan ilẹ̀ dáadáa, kí orúnkún sì wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ìbàdí. Nọ́ọ̀sì tún bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá jí lóru, kí wọ́n má ṣe dìde lójijì. Kí wọ́n jókòó sétí ibùsùn ná, kí ara balẹ̀, nítorí ojú máa ń ṣú àgbàlagbà tó bá dìde kíá, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Balùwẹ̀ ló gbà wá lákòókò jù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 24 péré, inú ló sì ń ṣí sí. Nọ́ọ̀sì dúró lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí. Bí ènìyàn bá ṣubú sínú balùwẹ̀ kékeré, ara rẹ̀ ni yóò ti ilẹ̀kùn pa, àwọn tó wá gbà á là kò sì ní lè wọlé. Káfíńtà máa yí i padà kó máa ṣí síta, yóò sì fi ìdè tí wọ́n lè ti ìta ṣí rọ́pò èyí tó wà nínú. Bó bá di ọjọ́ kan tí Màmá nílò kẹ̀kẹ́, ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣí tó íǹṣì 32. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa gé ògiri. Kò pọn dandan báyìí.

Ilẹ̀ balùwẹ̀ ti hu ewéko tútù, ọṣẹ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì àti bílíìsì fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu tó ga jù ni bí Màmá ṣe ń wẹ̀: wọ́n ń dúró, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ bu omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀, ojú wọn sì kún fún ọṣẹ. Láti ìsinsìnyí lọ, wọ́n máa jókòó wẹ̀. Àga onígi tó lágbára, tí wọ́n kan rọ́bà táyà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ló máa wà níbẹ̀. Àga ike fẹ́ẹ́rẹ́ kò dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè là. Àpótí kan máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ga dé orúnkún wọn, kí wọ́n lè máa bu omi láìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìyàgbẹ́, ọ̀pá ike tí wọ́n fi ń sá táwẹ́ẹ̀lì ni Màmá ń dì mú dìde. Bíríkìlà fi ọwọ́ kan fà á, ó jábọ́. Gbogbo wa dákẹ́. Páìpù irin ló máa rọ́pò rẹ̀, yóò ga tó íǹṣì 33 sí 36 láti ilẹ̀, yóò sì fi íǹṣì 1 àti ààbọ̀ jìnnà sí ògiri kí ọwọ́ lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí Màmá lágbára ni wọ́n máa fi sí. Búlọ́ọ̀kù oníhò kò lè di bóòtù mú fúnra rẹ̀, nítorí náà bíríkìlà máa kọ́kọ́ da kọnkéré kún ihò rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, òun fúnra rẹ̀, tó sanra dáadáa, ni yóò kọ́kọ́ so rọ̀ mọ́ ọn kí Màmá tó fọwọ́ kàn án.

Ilé tí ó jẹ́ ṣáláńgá ni wọ́n ń lò ńkọ́? Àga onígi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí láàárín, tí gíga rẹ̀ tó íǹṣì 17 sí 19, lè dúró lórí ihò ṣáláńgá tàbí kí wọ́n gbé póò sábẹ́ rẹ̀ nínú yàrá lóru. Káfíńtà àdúgbò yóò fi ọjọ́ kan ṣe é, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò sì ní lóṣòó mọ́.

Ilé ìdáná àti ẹ̀yìnkùlé

Ọmọ-ọmọ Màmá kan, tí kò tí ì tó iléèwé lọ, ń gbé pẹ̀lú wọn. Òun ni Nọ́ọ̀sì rò nígbà tó ń wo ilé ìdáná. Kẹrosíìnì wà nínú ìgò omi mímu lábẹ́ tábìlì, ó gbé e lọ sókè sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọ kékeré tó bá mu ún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un ní epo pupa tàbí kó mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Sítóòfù tó wà nílẹ̀ gorí tábìlì, apá ìkòkò sì yí sí ìhà ògiri. Sílíńdà gáàsì jáde síta. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń tò sí, iná kékeré kan ló sì ń dúró dè. Wọ́n da omi ọṣẹ sójú ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti so mọ́ irin: bó bá hó, ó ń jò. Ti Màmá kò hó.

Gálọ́ọ̀nù omi onílítà 20 ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Jọ́ọ̀gì kékeré ló máa wà lórí tábìlì, ọmọ ilé ni yóò máa bù ú kún.

Lẹ́yìnkùlé, jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé yàrá Màmá gan-an. Ọmọ wọn ní nítorí àwọn olè ni. Ohùn Nọ́ọ̀sì le síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Májèlé tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ń sùn kò sì ní mọ̀ ọ́n kó tó pa á. Wọ́n gbé e jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, wọ́n kọ ẹnu èéfín rẹ̀ sí ìta, wọ́n sì fi ṣéènì dè é mọ́ òpó irin. Ilé tí kò ní àyè tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ṣe tan án sùn rárá. Kànga tó wà lẹ́yìnkùlé náà gba ìdérí onírin àti àgádágodo. Àwọn irin fèrèsé ńkọ́? Wọn kò ní ibi tó ń ṣí, bẹ́ẹ̀ iná lè ṣẹ́ yọ lóru. Wẹ́dà máa gé ti yàrá Màmá, yóò fi ìdè sí i, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí àgbà lè dé tí ọmọdé kò lè dé.

Níbẹ̀ ni Màmá ti ní kí á dúró, àwọn ní ọ̀rọ̀. "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú nínú balùwẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ fún yín nítorí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbé mi kúrò nílé mi." Ọmọ wọn kò lè fèsì. Nọ́ọ̀sì bèèrè bí wọ́n ṣe pe ènìyàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn kígbe títí tí ohùn fi há. Ṣùgbọ́n agogo ọwọ́ tí wọ́n ń lù níléèwé ṣì wà nínú àpótí wọn. Wọ́n so ó mọ́ ògiri balùwẹ̀, nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó wà nílẹ̀ ti lè nawọ́ fà á.

Ta ni iṣẹ́ yìí kàn?

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá ní 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọlé. Èkó ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ní 2011. Àwọn òfin yẹn dára, a sì gbọ́dọ̀ máa bèèrè pé kí wọ́n mú wọn ṣẹ ní báńkì, ilé ìwòsàn àti sẹkitéríàtì. Ṣùgbọ́n kò sí aṣojú ìjọba tó máa wá wo sílípáàsì ìyá rẹ. Ẹbí ló ni ìyẹn. Ẹni tó ń gba ilé gbé náà lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀: àtùpà, àga ìwẹ̀, kọnkéré abẹ́ ibùsùn àti rọ́bà ọ̀pá máa bá a kó lọ sílé tó kàn. Irú ohun bí ọ̀pá ìdìmú àti ilẹ̀kùn ló nílò kí ó bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù mú kúrò nínú ìrìn yìí ni ètò rẹ̀. Àwọn ohun tí kò ná wọn ní owó, wọ́n ṣe wọn kí a tó kúrò: rọ́ọ̀gì, wáyà, àga, kẹrosíìnì, jẹnẹrétọ̀. Èyí tó kàn ni àwọn tí owó ọjà kékeré lè rà: rọ́bà ọ̀pá, gílóòbù, bàtà, téèpù lílẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, balùwẹ̀ sì ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni Màmá ti ṣubú.

A máa ń padà sílé nígbà Iléyá àti Kérésìmesì pẹ̀lú ìrẹsì, òróró àti aṣọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ mú tepù ìwọ̀n àti gílóòbù mọ́ ọn. Ẹ ní kí Màmá tàbí Bàbá ṣíwájú, láti géètì dé balùwẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ má ṣe yára jù wọ́n lọ, ẹ má sì ṣe bá wọn jiyàn. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti ń wá ohun tí wọn yóò dì mú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì rí i pé ó parí kí ẹ tó padà sí ìlú tí ẹ ti wá.